Ìlà oúnjẹ ti dín kù lọ́jọ́ kejì: ìdáhùn sí ìyá kan ní Ẹ̀bútè Mẹ́tà

Ìbéèrè tó wọlé rèé: “Ẹgbẹ́ kékeré ni wá ní Ẹ̀bútè Mẹ́tà. Gbogbo Ọjọ́bọ̀ la máa ń se oúnjẹ fún ẹni tó bá ṣáà ti wá, bí àádọ́jọ àwo. Yorùbá wà lára àwọn tó ń jẹ ẹ́, Ègùn wà níbẹ̀, àwọn ọmọ Háúsá tó ń ti ọmọlanke wà níbẹ̀, a sì ń rí ọmọ Tógò àti ọmọ Niger. Láti bí oṣù mẹ́ta, tí ọlọ́pàá bá ti kó èèyàn lóru, ìlà wa á dín kù lọ́jọ́ kejì. Àbúrò mi obìnrin tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù sọ pé ẹgbẹ́ olóúnjẹ tóun wà ń bá ìjọba ibẹ̀ fà á lórí ẹlẹ́yàmẹ̀yà àti ilé àtìmọ́lé àwọn àjòjì, ó ní káwa náà gbé páálí jáde. Àwọn kan nínú wa ní tá a bá lanu, ìjọba á gba ìwé ìforúkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ wa. Àwọn míì ní kí ló kàn wá nínú ọ̀rọ̀ gàmbàrí. Kí ni ká ṣe?”

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ìyá wa. Ẹni tó bá mọ iye tí wọ́n ń ta àpò ìrẹsì lásìkò yìí á mọ̀ pé àádọ́jọ àwo lọ́sẹ̀ kì í ṣeré. Ìbéèrè yín jọ ẹyọ kan, àmọ́ mẹ́ta ló so kọ́ra: ṣé òfin gbà yín láyè láti sọ̀rọ̀, ṣé ó yẹ kẹ́ ẹ sọ̀rọ̀ nítorí ẹni tí kì í ṣe ọmọ ìlú yín, àti pé irú ọ̀rọ̀ wo ló máa wọ etí tó yẹ kó wọ̀. Ti àkọ́kọ́ rọrùn. Ti èkejì ló le jù, torí pé inú ẹgbẹ́ yín gan-an ló wà. Ti ẹ̀kẹta ni àbúrò yín ti ṣì yín lọ́nà díẹ̀. Kò parọ́ fún yín, ibi tó dúró sí ló yàtọ̀ sí tiwa.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tú ti Lọ́ńdọ̀nù yẹn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń ti àjòjì tí ìwé rẹ̀ kò pé mọ́. Ilé náà ní orúkọ, ó ní géètì. Harmondsworth àti Colnbrook wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápákọ̀ òfurufú Heathrow, Brook House wà nítòsí Gatwick, Yarl's Wood wà ní Bedfordshire, wọ́n sì ṣí Derwentside fún àwọn obìnrin ní agbègbè Durham ní 2021. Ẹni tó bá fẹ́ fẹ̀hónú hàn mọ ibi tó máa dúró sí. Ohun tí wọ́n ń bèèrè náà kò lọ́jú pọ̀: yàtọ̀ sí aboyún àti ìdílé tó ní ọmọdé, òfin ibẹ̀ kò sọ pé ọjọ́ báyìí ló gbọ́dọ̀ mọ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti èèyàn mọ́lé. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pariwo pé kí ìjọba fi gbèdéke sí i. Ọjọ́ 28 ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń dárúkọ.

L'Ékòó, ẹ ò ní rí géètì kan ṣoṣo bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí wọ́n kó ní Òṣòdì lóru lè sùn sínú sẹ́ẹ̀lì àgọ́ ọlọ́pàá, kó dé kóòtù alágbèéká ní ọjọ́ kejì, kó sì ti wà ní ọgbà ẹ̀wọ̀n Kirikiri tàbí Ìkòyí kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Tó bá jẹ́ ará òkèèrè, ó lè bọ́ sọ́wọ́ àwọn Ìmígíréṣọ̀n. Páálí tí wọ́n kọ “Ẹ ti ilé àtìmọ́lé pa” sí, ta lẹ máa nà án sí? Ìyẹn gan-an kọ́ ni ìyàtọ̀ tó tóbi jù. Irú gbèdéke táwọn ará Lọ́ńdọ̀nù ń tọrọ, ó ti wà nínú ìwé òfin tiwa. Abala 35 nínú ìwé òfin ọdún 1999 sọ pé ẹni tí wọ́n bá mú lórí ẹ̀sùn ọ̀daràn gbọ́dọ̀ dé iwájú adájọ́ láàárín ọjọ́ kan, tí kóòtù bá wà láàárín kìlómítà 40 sí ibi tí wọ́n ti mú un. Tí kò bá sí, ọjọ́ méjì, tàbí iye tí adájọ́ bá rí i pé ó tọ́. Láti Badagry títí dé Ẹ̀pẹ́, ibo ni kóòtù kò sí nítòsí l'Ékòó? Ẹ̀sùn tó lè la ikú lọ nìkan ni wọ́n yọ sílẹ̀ nínú ìlànà yìí. Abala yẹn kan náà sọ pé kí wọ́n kọ ẹ̀sùn tí wọ́n torí rẹ̀ mú èèyàn fún un láàárín wákàtí 24, ní èdè tó gbọ́, àti pé ẹni tí wọ́n bá tì mọ́lé láìtọ́ ní ẹ̀tọ́ sí owó gbà-máà-bínú àti àforíjì ní gbangba. Nítorí náà, òfin tuntun kọ́ ni iṣẹ́ yín. Ẹ fẹ́ kí wọ́n pa èyí tó wà mọ́ ni, ìyẹn sì rọrùn láti sọ létí DPO, ọ̀gá àgọ́ ọlọ́pàá, ju páálí lọ.

Ẹ óò wá bèèrè pé tó bá jẹ́ ọjọ́ kan ni òfin sọ, báwo ló ṣe ń di ọdún méjì? Ọ̀nà tó ń gbà di bẹ́ẹ̀ kò farasin. Wọ́n á gbé ẹni náà dé iwájú májísíréètì lóòótọ́, àmọ́ lórí ẹ̀sùn tó ju agbára májísíréètì lọ. Ọlọ́pàá á wá tọrọ pé kí wọ́n dá a padà sí àhámọ́ títí ìmọ̀ràn DPP, ìyẹn olórí àwọn agbẹjọ́rò ìjọba tó ń pe ẹjọ́, yóò fi dé. Fáìlì á lọ sí Aláúsá, ọlọ́pàá tó ń bójú tó ẹjọ́ náà á gba ìwé ìṣípòpadà, ẹlẹ́rìí á kó kúrò ní àdúgbò, ọjọ́ á máa yí lu ọjọ́. Bí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn tó wà lọ́gbà ẹ̀wọ̀n ní Nàìjíríà ni wọn ò tíì dá lẹ́jọ́. Ẹ̀wọ̀n Ìkòyí tí wọ́n kọ́ ní 1955 fún ẹni 800 ti ń gba ìlọ́po iye yẹn láti ọdún gbọọrọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin 2019 tó sọ ọgbà ẹ̀wọ̀n di ilé àtúnṣe fún àwọn aláṣẹ ibẹ̀ ní agbára láti kọ ẹni tuntun tí àyè bá ti kún. Ọ̀nà kejì ni ti àwọn tálákà gan-an, òun ló sì kan àwọn tó ń jẹun lọ́dọ̀ yín jù: ẹ̀sùn kéékèèké. Ẹni kan á sọ fún ọmọ náà pé, “Ṣáà ti sọ pé o jẹ̀bi, wọ́n á fi owó ìtanràn lé ọ, wàá sì máa lọ ilé.” Kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kò gbọ́ Yorùbá tó nípọn, ó gbọ́ “jẹ̀bi” àti “ilé,” ó mi orí. Wọ́n bu owó ìtanràn tí kò ní lé e, ó di ẹ̀wọ̀n. Abala 36 fún un ní ògbufọ̀ láìsan kọ́bọ̀, àmọ́ ẹni tí kò mọ̀ kò lè bèèrè. Ẹ fi sọ́kàn pẹ̀lú pé láti 1989 ni òfin ti pa ẹ̀sùn rírìn gbéregbère rẹ́. Tí ẹ bá gbọ́ pé wọ́n mú ẹnì kan torí pé ó ń “rìn kiri” lóru, kò sí nǹkan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́ nínú òfin. Ẹ̀sùn mìíràn ni wọ́n gbọ́dọ̀ wá, kí wọ́n sì dárúkọ rẹ̀.

Ní ti ìwé ẹgbẹ́ tí wọ́n ń bẹ̀rù pé wọ́n á gbà, ẹ fọkàn balẹ̀, àmọ́ kí ẹ má fi ṣe orí kunkun. Abala 39 àti 40 fún yín ní ẹ̀tọ́ láti sọ̀rọ̀ àti láti pé jọ. Ohun tí ìwé òfin kọ̀ fún ẹgbẹ́ tí kì í ṣe ẹgbẹ́ òṣèlú wà ní abala 221: ẹ ò gbọdọ̀ bá olùdíje kankan wá ìbò, ẹ ò sì gbọdọ̀ dá owó fún ẹgbẹ́ òṣèlú tàbí fún ìpolongo ẹnikẹ́ni. Kí ẹ sọ pé ọlọ́pàá ti ènìyàn mọ́lé ju ọjọ́ tí òfin sọ lọ kì í ṣe ìyẹn. Ìrẹsì tí wọ́n lẹ fọ́tò olóṣèlú mọ́ lára àpò, tí ẹ sè tí ẹ pín lóṣù tí ìdìbò kù fẹ́ẹ́rẹ́, ìyẹn ló sún mọ́ ọn ju lẹ́tà ọgọ́rùn-ún lọ. Tí wọ́n bá máa fún yín, ẹ gbà á lọ́wọ́ wọn, kí ẹ dà á sínú àpò mìíràn kí ẹ tó gbé e jáde, tàbí kí ẹ má gbà á rárá. CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, lábẹ́ òfin CAMA ti 2020, lè dá àwọn alábòójútó ẹgbẹ́ dúró lórí ìwà àìtọ́, ìlòkulò owó tàbí jìbìtì, tàbí nítorí àǹfààní aráàlú. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí fẹ̀ lẹ́nu, ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ìwé ìṣirò owó yín mọ́, kí ẹ má sì jẹ gbèsè ìjábọ̀ ọdọọdún. Ẹ yẹ ìwé òfin ẹgbẹ́ yín wò: tó bá jẹ́ pé “fífún àwọn aláìní lóúnjẹ” nìkan ni àfojúsùn tí ẹ kọ síbẹ̀, ẹ pe ìpàdé, ẹ kọ àkọsílẹ̀ ìpàdé náà, kí ẹ fi “àti dídáàbò bo ẹ̀tọ́ àwọn tó ń jẹ ẹ́” kún un, kí CAC sì fọwọ́ sí i. Lọ́yà tó mọ iṣẹ́ á bá yín ṣe é. Ó máa ń gba àkókò díẹ̀, torí náà ẹ tètè bẹ̀rẹ̀.

Ó wá ku “kí ló kàn wá nínú ọ̀rọ̀ gàmbàrí.” Ẹ má bínú sí ẹni tó sọ ọ́ kí ẹ sì má fi ìwàásù lé e, ọ̀pọ̀ èèyàn l'Ékòó ló ń rò ó tí wọn ò sọ. Gàmbàrí fúnra rẹ̀ kì í ṣe èébú, orúkọ àdúgbò ńlá kan ni n'Ílọrin. Ohùn tá a fi ń pè é ló ń sọ ọ́ di nǹkan míì. Ti mọ́là àti kòbókòbó ni mi ò ní gbèjà. Ẹ̀dùn tó wà nínú ọ̀rọ̀ náà, tí ẹ bá tẹ́tí dáadáa, sábà máa ń jẹ́ pé oúnjẹ kò tó, ẹni tiwa kò tíì yó, kí ló dé tá à ń bọ́ àlejò. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ nìyẹn, oúnjẹ la sì fi ń dá a lóhùn: ìṣirò. Gíráàmù 120 ìrẹsì tútù lórí ẹnì kan, àádọ́jọ èèyàn, kílò 18 ni. Àpò 50 kílò kan ò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Tí ẹ bá lé àwọn àlejò kúrò lórí ìlà, bóyá èèyàn ogójì ni wọ́n, kílò márùn-ún ni ẹ máa rí fà yọ. Kílò márùn-ún kò ní yanjú ebi Ẹ̀bútè Mẹ́tà.

Tí ẹ bá fẹ́ ìtàn, ti ẹnu àwọn baba yín ni kẹ́ ẹ sọ. Ní November 1969, ìjọba Busia ní Gánà fún àwọn àjòjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì pére kí wọ́n kó ẹrù wọn. Yorùbá pọ̀ nínú àwọn tó padà wálé lọ́wọ́ òfo: ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ìnísà, Ọ̀fà, Ìlọrin. Ní January 1983, ìjọba Shagari náà fún àwọn àjòjì tiwa ní bí ọ̀sẹ̀ méjì, ó sì lé ní mílíọ̀nù kan tó jáde, ọmọ Gánà ló pọ̀ jù. Báàgì tí wọ́n fi kó ẹrù ṣì ń jẹ́ Ghana Must Go títí di òní. Ọdún 1983 yẹn kan náà ni Nàìjíríà sọ ìwé àdéhùn ilẹ̀ Áfíríkà lórí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn di òfin ilé, àdéhùn tó ní kí wọ́n má ṣe lé àwọn àjòjì jáde lápapọ̀. Ní tàwa Èkó fúnra wa, ní 2013, ìjọba ìpínlẹ̀ kó àwọn ọmọ Igbo kan lọ já sílẹ̀ ní Onitsha, gómìnà ìgbà náà, Fashola, sì tọrọ àforíjì lẹ́yìn náà. Ní August 2019, wọ́n dá tírélà kan dúró tó kó ọkùnrin 123 àti ọ̀kadà 48 láti Jigawa. Wọ́n yẹ̀ wọ́n wò, wọn ò rí nǹkan kan, wọ́n fi wọ́n sílẹ̀. Òbáléndé tí gbogbo wa ń wọ mọ́tò, ṣebí àwọn ọmọ ogun Háúsá tí wọ́n kó kúrò níbòmíì ni ọba lé dé ibẹ̀. Ẹ̀wà àgànyìn, orúkọ rẹ̀ ti sọ ibi tó ti wá.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹnu la fi ń mọ̀ bóyá ẹlẹ́yàmẹ̀yà wà nínú ẹgbẹ́. Ìdí ìkòkò ni kẹ́ ẹ ti wò ó. Ẹ wo ìgbakọ. Ẹni tí olùbu mọ̀, ìgbakọ máa ń wọ inú ìkòkò dé ìsàlẹ̀, á gbé ẹran àti ọ̀rá wá. Ẹni tí kò mọ̀, ìgbakọ á fẹ́ ojú ìrẹsì gbẹrẹ. Olùbu fúnra rẹ̀ kì í mọ̀. Ojútùú rẹ̀ kò gbówó: ẹ ra abọ́ kan tó ń gba bí gíráàmù 350 ìrẹsì jíjinná, ẹ fi òun nìkan wọn ti gbogbo èèyàn, ẹ ka ẹja tàbí ẹyin ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kí olùbu sì máa pààrọ̀ àyè lẹ́yìn gbogbo àádọ́ta àwo. Ẹ pín nọ́ńbà kí ẹ má máa pe “ẹ̀yin Háúsá, ẹ bọ́ sí ẹ̀gbẹ́.” Tí àwọn mùsùlùmí bá ń bèèrè ẹni tó pa ẹran, ẹ lo ẹja tàbí ẹyin fún gbogbo ìlà. Ẹ má se ìkòkò méjì. Ìkòkò méjì máa ń bí ìlà méjì, kó tó pẹ́ ọ̀kan á máa kọ́kọ́ tán.

Ní ti òfin, ẹ mọ ibi tó rọ̀. Abala 42 tó lòdì sí yíya èèyàn sọ́tọ̀ nítorí ẹ̀yà tàbí ibi tó ti wá, ọmọ Nàìjíríà nìkan ló dárúkọ. Ọmọ Háúsá láti Kánò lè dúró lé e, ọmọ Tógò kò lè rí i gbá mú bẹ́ẹ̀. Àmọ́ abala 35 sọ pé “gbogbo ènìyàn,” kò bèèrè ìwé ìrìnnà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ gbé ọ̀rọ̀ yín ka orí ọjọ́ kan yẹn, òun ló bo gbogbo ìlà yín. Ọmọ orílẹ̀-èdè ECOWAS lè wọlé gbé 90 ọjọ́ láìsí físà. Niger, Mali àti Burkina Faso ti kúrò nínú ECOWAS ní January 2025, àmọ́ ECOWAS ní kí àwọn tó kù ṣì máa ka ẹ̀tọ́ ìrìnnà wọn sí. Ẹ má sọ ara yín di aṣọ́bodè ṣá: iṣẹ́ yín kì í ṣe láti bèèrè ìwé.

Báyìí, agbára tí ẹ ní tí ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́ kankan ní Ìkẹjà kò ní. Ẹ mọ ẹni tí kò wá. Ẹni tí wọ́n kó lóru tí kò ní ìyá, tí kò ní fóònù, ó lè tó oṣù kan kí ẹnikẹ́ni tó bèèrè rẹ̀, àmọ́ nọ́ńbà 63 tó máa ń bèèrè ata sí i, ẹ̀yin mọ̀ pé kò wá ní Ọjọ́bọ̀. Ẹ ra ìwé kan tó nípọn. Ní ojú ewé kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà, orúkọ tí ẹni náà fẹ́ ká pe òun, ibi tó máa ń sùn, àti ẹnì kan tó mọ̀ ọ́n. Ó tán. Ẹ má kọ ẹ̀yà, ẹ má kọ orílẹ̀-èdè, ẹ má ya ìwé rẹ̀ ní fọ́tò. Ìwé tó bá ní ẹ̀yà nínú, lọ́jọ́ tó bá bọ́ sí ọwọ́ tí kò yẹ, ó ti di àtẹ ìmúni, òfin 2023 lórí ààbò ìsọfúnni ẹni sì ka irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sí ohun ẹlẹgẹ́. Ẹnì kan péré ni kó máa tọ́jú rẹ̀, nínú àpótí tó ní kọ́kọ́rọ́, kì í ṣe lórí WhatsApp ẹgbẹ́.

Tí ẹnì kan bá pòórá, ẹ má dúró de Ọjọ́bọ̀ kejì. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n: aago mélòó, ibo, irú ọkọ̀ wo, nọ́ńbà ọkọ̀ tó bá ṣeé ṣe, àwọn tó kó o wọ aṣọ kí ni. Àgọ́ tó sún mọ́ ibẹ̀ jù lẹ kọ́kọ́ máa lọ, lẹ́yìn náà àgọ́ tó jẹ́ ọ̀gá fún un, lẹ́yìn náà ọ́fíìsì taskforce ìjọba ìpínlẹ̀, lẹ́yìn náà kóòtù alágbèéká, Kirikiri àti Ìkòyí kẹ́yìn. Èèyàn méjì ni kó lọ, kí ọ̀kan jẹ́ obìnrin àgbà, kí wọ́n wọṣọ bí ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́. Ohun tó máa ń ba ìwákiri jẹ́ jù ni orúkọ. Akọ̀wé àgọ́ á kọ Abdulrazak sí “Razaki,” á kọ Kossi sí “Kọ̀sí,” ó sì lè kọ “Àbókí” lásán sórí ẹnì kan tí kò gbọ́ èdè. Nítorí náà, ẹ má bèèrè bóyá Abdulrazak wà níbẹ̀. Ẹ bèèrè bóyá wọ́n kó èèyàn láti ibi báyìí lálẹ́ ọjọ́ báyìí, kí ẹ ṣàpèjúwe rẹ̀. Nígbà tí ẹ bá rí i, ọ̀rọ̀ méjì péré lẹ máa sọ fún un: kó sọ pé òun fẹ́ ògbufọ̀, àti pé kó má sọ pé òun jẹ̀bi ohun tí kò yé e. Kí ẹ sì pe lọ́yà. Office of the Public Defender ti ìjọba ìpínlẹ̀ kì í gba owó, Legal Aid Council ti ìjọba àpapọ̀ náà kì í gbà. Ẹ wá nọ́ńbà wọn kí ọjọ́ ibi tó dé, kì í ṣe lọ́jọ́ náà.

Wọ́n á bèèrè owó béèlì lọ́wọ́ yín. Ọ̀fẹ́ ni béèlì, wọ́n kọ ọ́ sára ògiri àgọ́. Àmọ́ èmi náà mọ̀ pé ọmọ tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì kò lè jẹ ohun tí wọ́n kọ sára ògiri. Ẹ wò ó báyìí: tí ẹgbẹ́ bá san án lẹ́ẹ̀kan, gbogbo àgọ́ àdúgbò á gbọ́ pé ẹni tó bá ti ń jẹun lọ́dọ̀ yín ní olówó, iye tí wọ́n ń mú nínú wọn á pọ̀ sí i. Owó ìtanràn tí kóòtù bu, tó ní rìsíìtì ìjọba, ìyẹn ṣeé san, kódà mo gbà yín nímọ̀ràn kí ẹ ya díẹ̀ sọ́tọ̀ fún un, torí ó máa ń gba èèyàn lọ́wọ́ ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta. Ní ti onídùúró, kí orúkọ ẹgbẹ́ má wọ ibẹ̀. Tí ẹni náà bá sá, owó tí wọ́n kọ sínú ìwé á bọ́ sọ́rùn yín. Ẹni tó mọ̀ ọ́n tó sì ní àdírẹ́sì ni kó dúró. Tí wọ́n bá sọ pé obìnrin kò lè dúró fún èèyàn, ẹ rán wọn létí pé ACJA, òfin ìjọba àpapọ̀ ti 2015 lórí ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn, ti fòpin sí ìyẹn.

Ṣé kí ẹ gbé oúnjẹ lọ sí àhámọ́? Ọ̀rọ̀ yìí pin àwọn tó mọ iṣẹ́ náà sí méjì, àwọn méjèèjì ló sì rí òótọ́ kan. Iye tí ìjọba ń ná lórí oúnjẹ ẹlẹ́wọ̀n kan lójúmọ́ kúrò ní ₦750 di ₦1,125 ní 2024. Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ sí ọjà mọ ohun tí ìyẹn ń rà. Nínú sẹ́ẹ̀lì ọlọ́pàá, mọ̀lẹ́bí ni wọ́n ń retí pé kó gbé oúnjẹ wá, ẹni tí kò ní mọ̀lẹ́bí á gba àjẹkù ẹlòmíì. Nítorí náà oúnjẹ yín á gba ẹ̀mí là. Ó sì máa ń ṣílẹ̀kùn: ẹni tó gbé kúlà lọ́wọ́ máa ń dé ibi tí lọ́yà kò lè dé. Àmọ́ tí ẹ bá ń gbé e lọ lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, ó di pé ẹ̀yin lẹ ń ṣe ojúṣe ìjọba, ẹ óò sì máa bẹ̀rù láti sọ̀rọ̀ kí wọ́n má baà ti ilẹ̀kùn mọ́ yín. Èrò tèmi ni pé kí ẹ gbé e lọ, ṣùgbọ́n kí àwọn tó ń gbé oúnjẹ má jẹ́ àwọn tó ń kọ lẹ́tà. Ohun gbígbẹ ló dára jù: fún ogójì èèyàn, kílò mẹ́fà gàrí, kílò méjì ẹ̀pà, kílò méjì ṣúgà, ọṣẹ àti omi. Tó bá máa jẹ́ oúnjẹ sísè, ìrẹsì ni, kì í ṣe ẹ̀wà, torí ẹ̀wà máa ń tètè kan nínú ooru. Ẹ kó o sínú kúlà tó mọ́ bó ṣe ń kúrò lórí iná, kó dé ọ̀dọ̀ wọn láàárín wákàtí méjì. Ẹja tó ní egungun wẹ́wẹ́ kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀. Wọ́n á ní kí ẹ tọ́ ọ wò lójú wọn, ẹ tọ́ ọ wò. Ìgbẹ́ gbuuru ẹ̀ẹ̀kan péré nínú sẹ́ẹ̀lì tó kún ti tó láti ti ilẹ̀kùn yẹn mọ́ yín títí láé.

Lẹ́tà náà wá ńkọ́? Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta tí ẹ bá fi kọ ìwé yẹn dáadáa, ẹ óò lè sọ pé: láàárín ọjọ́ báyìí sí ọjọ́ báyìí, èèyàn báyìí ló pòórá lórí ìlà wa, a rí báyìí nínú wọn, èèyàn báyìí nínú wọn ló lo ju ọjọ́ kan lọ kó tó dé kóòtù. Ojú ewé kan. Kò sí orúkọ ẹnikẹ́ni, kò sí orúkọ ọlọ́pàá tí ẹ ò ní ẹ̀rí rẹ̀, kò sí “wọ́n ní.” Ẹ gbé e fún ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò yín, ìyẹn CDA, kí wọ́n fọwọ́ sí i, ẹ wá ìfọwọ́sí Serìkí àwọn Háúsá àdúgbò àti báálẹ̀. Ìgbà náà ni kí ẹ tó gbé e lọ bá DPO nínú ìpàdé PCRC, tí ọlọ́pàá àti aráàlú jọ máa ń jókòó. Ọ̀pọ̀ DPO kò fẹ́ kí irú ìwé bẹ́ẹ̀ dé Ìkẹjà, ìyẹn sì lè tó. Tí kò bá tó, òfin ẹ̀tọ́ ìsọfúnni ti 2011 gbà yín láyè láti kọ̀wé bèèrè iye èèyàn tó wà ní àhámọ́ àti iye ọjọ́ wọn. Ọjọ́ méje ni wọ́n ní láti dáhùn. Lẹ́yìn náà ni aṣòfin tó ń ṣojú àdúgbò yín l'Áláúsá. Páálí ló kẹ́yìn. Kò lòdì sí òfin: ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ti sọ ọ́ ní 2007 pé ìwọ́de kò nílò ìwé àṣẹ ọlọ́pàá, òfin ọlọ́pàá ti 2020 sì ní kí wọ́n dáàbò bo ẹni tó bá ti fi tó wọn létí. Àmọ́ lọ́jọ́ ìwọ́de, ọmọ Tógò àti ọmọ Háúsá ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbé sínú ọkọ̀. Tí ẹ bá máa ṣe é, ẹ̀yin ìyá onílé ni kó gbé páálí, kí àwọn wọ̀nyẹn jókòó sílé.

Ibì kan wà tí gbogbo èyí kò dé. Ẹni tó bá ti bọ́ sọ́wọ́ Ìmígíréṣọ̀n tí wọ́n ti kọ ìwé ìlékúrò fún, ẹgbẹ́ olóúnjẹ kò lè gbà á sílẹ̀; lọ́yà lè gbìyànjú, nígbà míì kò ní ṣeé ṣe. Ohun tí ẹ lè ṣe kò ju kí ẹ bá a kó ẹrù rẹ̀, kí ẹ gba nọ́ńbà ẹbí rẹ̀, kí ẹ sì pè wọ́n kó tó dé ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀.

Àwọn tó bá padà, ẹ má bu àwo kíkún fún wọn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹni tó ti ń jẹ ìwọ̀nba fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìrẹsì àti ọ̀rá púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà lè da inú rẹ̀ rú, ó tilẹ̀ lè léwu. Ẹ̀kọ gbígbóná oní mílíìkì díẹ̀ ní ọjọ́ kìíní, kékeré kékeré, ọbẹ̀ olómi àti ẹyin ní ọjọ́ kejì. Tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ń wú tàbí tó ń mí gúlegúle, ilé ìwòsàn ni. Tó bá ti jẹun tán, ẹ ṣí ìwé náà, ẹ kọ ọjọ́ tó padà sí iwájú nọ́ńbà rẹ̀.